ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA: Àṣà Gúúsù Éṣíà ní Àdúgbò Ilúpéjú

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ilúpéjú. Àwọn ará Íńdíà, Pàkísítánì àti Bàǹgìládẹ́ṣì wà láàárín wa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti bímọ síbí. Díẹ̀ nínú wọn wá bá wa pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé àṣà ilẹ̀ àwọn lárugẹ, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ kí ó jẹ́ ti àwọn nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Àwọn àgbà kan ní tiwọn ní ọdún òrìṣà ni wọ́n fẹ́ fà wá sí, àwọn ọ̀dọ́ sì ní ijó fíìmù Íńdíà lásán ni yóò jẹ́. Báwo ni a ṣe lè ṣe é kí ó gún régé, ọjọ́ wo ni kí a sì fi bẹ̀rẹ̀?
Akọ̀wé àdúgbò, Ilúpéjú.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú ìtọ́jú àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìbéèrè yín kejì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn wa, ẹ má fi Diwali tàbí Holi ṣe àkọ́kọ́. Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ni kí ẹ mú. Ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni Diwali àti Holi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Pàkísítánì àti Bàǹgìládẹ́ṣì, Kìrìsìtẹ́nì sì pọ̀ láàárín àwọn tó wá láti Kerala ní Íńdíà. Bí ẹ bá fi ọdún ẹ̀sìn kan ṣoṣo ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́, àwọn ọmọ Gúúsù Éṣíà mìíràn gan-an yóò máa wo ara wọn bí àlejò nínú rẹ̀, ká má tilẹ̀ tíì sọ tẹ̀yin onílé.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1947, tí wọ́n sì pín in, ibi tí a mọ̀ sí Bàǹgìládẹ́ṣì lónìí di apá ìlà-oòrùn Pàkísítánì. Àwọn aláṣẹ ní Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Bẹ̀ǹgálì ni àwọn tó pọ̀ jù nínú orílẹ̀-èdè náà ń sọ. Ní ọjọ́ yẹn ní ọdún 1952, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde ní ìlú Dhaka láti sọ pé àwọn kò gbà, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, àwọn kan sì kú. Àjọ UNESCO, tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, sọ ọjọ́ náà di Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé ní ọdún 1999, òun náà sì ni àwọn ilé-ìwé wa kan ní Èkó máa ń fi wọ aṣọ ìbílẹ̀ láìmọ̀ pé Dhaka ni ó ti wá.

A mọ̀ pé ìtàn yìí lè nira fún ará Pàkísítánì láti gbọ́. Nítorí náà, kí òun àti ará Bàǹgìládẹ́ṣì jọ jókòó kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà ní ọjọ́ náà, kí Urdu, Punjabi, Gujarati àti Tamil sì ní àyè kan náà pẹ̀lú Bẹ̀ǹgálì. Yorùbá náà ńkọ́? Ọmọ Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, tí wọ́n bí sí Ilúpéjú, tí kò lè bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, àti ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ ṣùgbọ́n tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra. Kí ọmọ kan ka ewì ní èdè ilé rẹ̀, kí òmíràn pa àlọ́, kí òmíràn ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àǹfààní tiyín wà.

Ẹ má ṣe fọwọ́ rọ́ ẹ̀rù àwọn àgbà yín sẹ́yìn. Bí àpẹẹrẹ, ijó garba tí àwọn ará Gujarat ń jó yípo fìtílà ní alẹ́ mẹ́sàn-án ọdún Navratri kì í ṣe eré lásán. Ìbọ Durga, òrìṣàbìnrin wọn, wà nídìí rẹ̀. Kí ìwé ìpè sọ ọ́ ní gbangba ìgbà tí àdúrà yóò wáyé àti ibi tí yóò ti wáyé, àti ìgbà tí ijó, oúnjẹ àti eré ọmọdé yóò bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù lè mọ ìgbà tí yóò dé. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ìsìn Kátólíìkì àti frejon, ẹ̀wà tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè, wá sí Pópó Àgùdà. Lónìí, ẹni tí kì í ṣe Àgùdà ń jẹ frejon ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Mùsùlùmí sì ń bá wọn ṣe kánífà ní Erékùṣù láìyí ẹ̀sìn padà.

Òótọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ sọ pẹ̀lú: bí àwọn kan bá ń jó lórí pèpéle tí àwọn yòókù jókòó, ìran wíwò ni. Ohun tí ẹ̀yin àti àwọn jọ mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ wá. Ẹ gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún làálì. Obìnrin Íńdíà yóò fi làálì pípò sínú ọ̀rá tó ká ṣóńṣó, yóò gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa fún un jáde bí okùn tín-ín-rín sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni; bí ó bá gbẹ, yóò fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà tọ́ ọ, àwọ̀ olómi ọsàn tó kọ́kọ́ hàn yóò sì dúdú sí i títí di ọjọ́ kejì. Kí obìnrin wa tí ń lé làálì fún ìyàwó níbi ìgbéyàwó Mùsùlùmí jókòó tì í, kí àwọn méjèèjì máa wo iṣẹ́ ara wọn.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè. Ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ní ipò ọ̀gá sí òṣìṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ yìí bá ní àga iwájú fún ọ̀gá, tí dírẹ́bà àti olùtọ́jú ọmọ sì ń dúró níta, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh ní àṣà langar, tó ti wà láti ìgbà Guru Nanak (1469 sí 1539), olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn wọn: gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò jókòó sílẹ̀ ní ìlà kan náà, olówó àti tálákà, wọn yóò sì jẹ oúnjẹ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kọ́ yín. Kí owó ẹgbẹ́ náà ti ọwọ́ gbogbo yín jáde, bó ti wù kí ó kéré tó, nítorí ẹni tó bá dá gbogbo rẹ̀ san ni yóò máa pàṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Alásè ni mí ní Sùúrùlérè. Wọ́n ní kí n wá se oúnjẹ fún àpèjẹ kan tí àwọn ará Gúúsù Éṣíà yóò wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ se èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni.
Ìyá Alásè, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kò ní ṣìṣe. Ọ̀pọ̀ Híńdù kì í jẹ màlúù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ń jẹ ẹran rárá. Mùsùlùmí kò ní jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn Íńdíà mìíràn, tó di ẹ̀sìn wọn mú kì í jẹ àlùbọ́sà, ááyù àti ohun tó ta sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ya ìkòkò, síbí àti òróró wọn sọ́tọ̀, kí sàmósà ẹlẹ́ran má bá ti ẹ̀fọ́ pàdé nínú òróró kan. Gbẹ̀gìrì tí kò ní edé àti ẹran yóò bá wọn lára mu, nítorí ó súnmọ́ dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń fi chapati, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, jẹ. Ẹ̀fọ́ rírò ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí edé àti ẹja tí a máa ń lọ̀ sí i láìrò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni mágí: ẹ ka ara bébà rẹ̀ wò kí ẹ tó jù ú sínú ìkòkò.