Kànga Bàbá Mọ́ Gaara, Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kànga ẹ̀rọ tí bàbá wa gbẹ́ wọ inú àpáta la ti ń mu láti kékeré. Omi náà mọ́ gaara, kò ní òórùn kankan. Láìpẹ́ yìí ni aládùúgbò wa gbé omi tirẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní arsenic wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi lóyún, ẹ̀rù ń bà á. Bàbá ní ariwo lásán ni, pé àwọn ò tíì rí ẹni tí omi àwọn ṣe léṣe. Ṣé tí a bá ń sè é ká tó mu ún, kò tó? – Ọmọ Oníkànga

ÌDÁHÙN: Kò tó o. Sísè ń pa kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn dára, àmọ́ arsenic kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí tí iná lè pa. Tí omi bá ń hó, omi ló ń bá ooru lọ, arsenic jókòó sínú ìkòkò. Èyí tó ṣẹ́kù á wá ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà ni fluoride, èròjà mìíràn tó máa ń wà nínú omi kànga.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ò yà mí lẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò omi, àwọn tí omi kànga wọn dùn jù ló máa ń bá mi jiyàn jù. Arsenic kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu ò sì lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n. Láti inú àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń yọ́ sínú omi. Kò sẹ́ni tó dà á síbẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé Bàbá ò tọ́jú kànga wọn. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún wọn, nítorí mo fura pé ibẹ̀ gan-an ló ń dùn wọ́n.

Kì í sì í yá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn lè mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún kí awọ ara tó ní àbàwọ́n dúdú, kí àtẹ́lẹwọ́ tó le gbagidi. Ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ní Bangladesh, láàárín ọdún 1970 sí 1990, wọ́n gbẹ́ kànga káàkiri kí àwọn èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi adágún tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i pé arsenic wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n kun ẹ̀rọ tó léwu ní ọ̀dà pupa, wọ́n kun èyí tó dára ní àwọ̀ ewé, a sì máa ń rí pupa nítòsí àwọ̀ ewé. Ìdí nìyẹn tí èsì aládùúgbò yín ò fi lè dúró fún tiyín. Tiyín lè dára, ó sì lè burú jù ú lọ.

Ẹ gba ìgò lọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ má lo ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tẹ́ ẹ fọ̀ fúnra yín. Ẹ lè rí ẹ̀kán omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: ásíìdì ni, ẹ má ṣàn án dànù. Ẹnu ẹ̀rọ tí omi ò tíì gba inú asẹ́ kọjá ni kẹ́ ẹ ti bù ú, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó dà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ẹ sì dárúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n wá! Tẹ́ ẹ bá kàn ní “ẹ bá mi yẹ omi wò,” wọ́n lè wá kòkòrò àìfojúrí nìkan kí wọ́n sì ní omi yín dára. Fún kànga inú àpáta, arsenic, fluoride, àti èròjà inú àpáta méjì mìíràn, uranium àti manganese, ni èmi yóò kọ sílẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé, ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣìnà nìyí. Ìwé kan á kọ 0.05, ẹni tó ni ín á rẹ́rìn-ín pé kò tó nǹkan. Mílígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù ló wà nínú mílígíráàmù kan, nítorí náà máíkírógíráàmù 50 ni 0.05 yẹn, nígbà tó jẹ́ pé 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ìwọ̀n arsenic. Ó fi ìlọ́po márùn-ún kọjá ààlà. Tí Bàbá bá sì mú ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ jáde pé wọ́n ti ní omi náà dára, ẹ wo ọdún tó wà lórí rẹ̀: 50 ni ìwọ̀n Àjọ náà kó tó di ọdún 1993.

Kí èsì tó dé, kí ìyàwó yín máa fi omi mìíràn mu, kí ó sì máa fi dáná. Ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ kò léwu, arsenic kì í fi bẹ́ẹ̀ gba awọ ara wọlé. Ẹ má sáré ra asẹ́ báyìí. Asẹ́ eléèédú tí wọ́n ń fi sínú jọ́ọ̀gì kì í sábà mú arsenic.

ÌBÉÈRÈ: Omi kànga wa ń pọ́n tó bá dúró nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ba aṣọ funfun jẹ́. Ṣé májèlé ni?

ÌDÁHÙN: Ó jọ irin. Ó ti yọ́ sínú omi lábẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló wá sọ ọ́ di ìpẹtà. Aṣọ yín ló ń bá jà ju ara yín lọ. Tí àbàwọ́n náà bá dúdú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá manganese, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi omi yẹn po wàrà fún ọmọ ọwọ́. Mílígíráàmù 0.08 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ìwọ̀n tirẹ̀.