Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ẹ̀kọ́ Ìdàgbàsókè Àwùjọ àti Ìlànà Ìjọba ní Yunifásítì

Ìbéèrè tó wọlé lórí ẹ̀kọ́ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ ju ibi tí àyè wa gbà lọ. A ṣa mẹ́fà nínú wọn. Èyí tó dá lórí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá la gbé pẹ́ lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fẹsẹ̀ kọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ní ìmọ̀ ìdàgbàsókè àwùjọ àti ìlànà ìjọba ni òun fẹ́ kọ́. Mo ní ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí àti arúgbó nìyẹn, ó ní rárá o. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ọmọ yín ò parọ́, ẹ̀yin náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ máa ń bá ẹnì kan tàbí ìdílé kan ṣe pọ̀. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ìṣòro wọn, ó sì ń bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ti ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń sọ, òfin àti ètò tó kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ká ní ìjọba fẹ́ máa fún àwọn arúgbó tí kò gba owó oṣù rí ní owó ìtọ́jú. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ yìí ni yóò béèrè pé: láti ọmọ ọdún mélòó? Ta ló máa jẹ́rìí ọjọ́ orí ẹni tí kò ní ìwé ìbí? Ta ni yóò gbé owó náà dé ọwọ́ ẹni tí kò lè rìn? Inú àpò wo sì ni owó náà yóò ti máa jáde ní ọdún kẹwàá, nígbà tí àwọn arúgbó bá ti pọ̀ sí i?

Ní ọdún kìíní, wọ́n á kọ́ sosiọ́lọ́jì, ọrọ̀-ajé, ìṣèlú àti ìtàn àwọn ètò wọ̀nyí. Òfin ìṣẹ̀dá owó ìtọ́jú àìsàn tí ìjọba Bismarck gbé jáde ní Jámánì ní 1883, owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá ló gbé e ró. Ìròyìn tí William Beveridge kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942 sì fẹ́ kí ààbò náà kárí gbogbo ará ìlú. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó yẹ kí ó wà lábẹ́ ààbò náà, àti ẹni tó yẹ kí ó sanwó rẹ̀, ò tíì parí dòní. Ọ́fíìsì ètò ìjọba, iléeṣẹ́ tó ń ka iye ènìyàn, àjọ aláàánú àti àwọn àjọ àgbáyé ló ń gba àwọn tó kọ́ ìmọ̀ yìí síṣẹ́.

Mi ò mọ ìṣirò rárá. Ṣé mo lè yege nínú ẹ̀kọ́ yìí?

O lè yege, ṣùgbọ́n má ṣe gba ẹni tó bá sọ fún ọ pé kò sí ìṣirò níbẹ̀ gbọ́. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìpíndọ́gba, àtẹ àti bí a ṣe ń ka èsì regression (ìṣirò tó ń fi hàn bí nǹkan kan ṣe ń yí padà bí òmíràn bá yí padà) ló pọ̀ jù. Kò sí èyí tó ṣòro nínú wọn láti ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó ń yọ́ni lẹ́sẹ̀ ni kí o mọ iye tí wàá fi pín.

Wo èyí. Àgbègbè kan ní 1,000 ìdílé, 300 nínú wọn jẹ́ tálákà. Ètò ìrànlọ́wọ́ kan dé ọ̀dọ̀ 250 ìdílé, ṣùgbọ́n 150 péré nínú 250 yìí ló jẹ́ tálákà. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn tálákà tí ètò náà fò dá: 150 nínú 300, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni àwọn tó gbà á láìyẹ: 100 nínú 250, ìdá 40. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fara balẹ̀ á fi 1,000 pín méjèèjì, á ní 15 àti 10, ètò tó gbàgbé ìdajì àwọn tálákà á sì dà bí èyí tó ṣe dáadáa.

Nọ́ńbà náà ò sì ní sọ ìdí fún ọ. Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ orúkọ tí wọ́n lò ti pẹ́, pé àwọn kan ò ní káàdì ìdánimọ̀, pé ibi ìforúkọsílẹ̀ jìnnà sí ẹni tó ń tiro, tàbí pé ìdílé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Àfi kí o lọ bi wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀nà ìwádìí oríṣi méjì: ti nọ́ńbà àti ti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn. Ní ti ohun èlò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, Stata àti SPSS ń gba owó, R kò gba kọ́bọ̀. Bí ilé ìwé rẹ ò bá fi dandan lé ọ̀kan, R ni kí o bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní ká ṣírò òṣì ìdílé kan pẹ̀lú MPI, òṣùwọ̀n tó ń wo oríṣiríṣi àìní ìdílé pọ̀. Mo mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ààlà, ṣùgbọ́n ibo ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀?

Apá mẹ́ta ni òṣùwọ̀n náà ní láti ìgbà tó ti jáde ní 2010: ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni apá kọ̀ọ̀kan. Ìlera ní àmì méjì, ẹ̀kọ́ náà ní méjì, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1/6. Ìgbé ayé ní mẹ́fà (ohun ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi mímu, iná mànàmáná, ilé àti dúkìá), ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/18.

Ká ní ìdílé kan ò ní ẹnikẹ́ni tó lo ọdún mẹ́fà nílé ìwé, igi ni wọ́n fi ń dáná, wọn ò ní iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ò sì dára. Sọ 1/6 ti ẹ̀kọ́ di 3/18, kí o ro 3/18 ti àìní mẹ́ta yòókù mọ́ ọn: 6/18, ìyẹn 1/3. Wọ́n ti kan ààlà, tálákà ni wọ́n. Bí wọ́n bá fa iná wọlé lọ́la, 5/18 ló kù, wọ́n sì ti jáde nínú iye àwọn tálákà, bẹ́ẹ̀ igi náà ni wọ́n ṣì ń dá. Nítorí èyí ni a kì í fi dúró lórí iye àwọn tálákà nìkan. A máa ń fi ìpíndọ́gba àìní wọn sọ ọ́ di púpọ̀. Bí 4 nínú 10 bá jẹ́ tálákà, tí ìpíndọ́gba àìní wọn jẹ́ 0.5, MPI jẹ́ 0.20. Bí àìní wọn bá rọ̀ sí 0.4, tí àwọn mẹ́rin náà ò tíì jáde, ó di 0.16. Ìrọ̀rùn tí iye lásán ò lè fi hàn nìyẹn.

Àkòrí mi ni "Ipa Ètò Ìjọba lórí Òṣì". Alábòójútó mi ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún fẹ́ mọ̀: ènìyàn mélòó ni kí n fún ní ìwé ìbéèrè? Ọ̀rẹ́ mi ní 100 ti tó.

Alábòójútó rẹ ṣe ọ́ lóore. Ètò wo? Òṣì ta ni? Láti ìgbà wo sí ìgbà wo? "Ṣé ètò owó ilé ìwé yìí mú kí àwọn ọmọbìnrin ọdún 12 sí 15 máa lọ sí ilé ìwé déédéé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ rẹ̀?" jẹ́ àkòrí tí ènìyàn lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà "ipa" gan-an léwu. Ó ń ṣèlérí pé o mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí ètò náà. Nígbà tí Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ Progresa ní 1997, tí wọ́n ń fún àwọn ìyá lówó bí ọmọ wọn bá ń lọ sí ilé ìwé àti fún àyẹ̀wò ìlera, 506 abúlé ni wọ́n fi ṣèwádìí. 320 kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbà á, 186 dúró de ìgbà tiwọn. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ pín wọn, torí náà ìyàtọ̀ tó yọ láàárín wọn ṣe é kà sí iṣẹ́ ètò náà. Bí o ò bá ní ẹni tí wàá fi wé, má kọ "ipa". Kọ "ìrírí àwọn tó ń gbà á" tàbí "bí ètò náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn". Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò kéré, wọ́n sì máa ń wúlò ju ìdánwò ipa tí kò dúró dáadáa lọ.

Ní ti iye ènìyàn: sọ 1.96 (iye tó dúró fún ìdánilójú ìdá 95) di púpọ̀ lọ́nà 1.96, lọ́nà 0.5, lọ́nà 0.5, kí o wá fi 0.05 lọ́nà 0.05 pín in. 384.16 ni yóò jáde, ìyẹn 385 ènìyàn, fún ìdánilójú ìdá 95 àti àlàfo ìdá 5 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú orúkọ gbogbo wọn nìyẹn wà fún. Tó bá jẹ́ àdúgbò lo kọ́kọ́ ṣà, tí o wá mú 20 ìdílé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò kan náà máa ń jọra. Ìdáhùn 20 wọn kò tó ìròyìn ènìyàn 20. Bí ìjọra náà bá jẹ́ 0.05, 1 + (19 × 0.05) = 1.95 ni wàá fi sọ 385 di púpọ̀: 751. Bí o bá rò pé ìdá 10 ò ní dáhùn, fi 0.9 pín in: 835. Ọ̀pọ̀ máa ń fi 1.1 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á ní 827. Yọ ìdá 10 nínú ìyẹn wò, kò ní kù tó 751.

Níbo wá ni 100 ti ọ̀rẹ́ rẹ ti wá? Bí o bá gbà kí àlàfo náà jẹ́ ìdá 10, 97 ló máa jáde. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ìdá 40 ló ń gba owó náà lásìkò, òótọ́ ibẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 30 sí 50. Bí o bá sì fẹ́ fi ọkùnrin wé obìnrin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló nílò iye tirẹ̀. Gbogbo èyí ò sì wúlò bó bá jẹ́ àwọn tó jókòó nílé nígbà tí o dé lo kàn bi.

Nínú ìwé ìbéèrè, ìbéèrè kan, ọ̀rọ̀ kan. "Ṣé owó náà ń tètè dé, ṣé ó sì ń tó yín?" méjì ni; ẹni tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", èwo ló dáhùn? Oúnjẹ, béèrè ti ọjọ́ méje sẹ́yìn. Ohun ńlá bí ìtọ́jú ilé ìwòsàn, oṣù 12. Kọ́kọ́ dán ìwé náà wò lára ènìyàn mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kì í ṣe ara àwọn tí wàá bi. Ìbéèrè tí mẹ́ta nínú wọn bá ní kí o tún sọ, tún un kọ.

Má sì jáde lọ bi ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí tó fọwọ́ sí i. Ìròyìn tí o bá gbà ṣáájú ọjọ́ yẹn lè di èyí tí wọn ò ní jẹ́ kí o lò. Fún ọmọdé, gba ìyọ̀ǹda òbí, kí o sì bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ bóyá ó gbà.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní àjọ aláàánú fún ìgbà pípẹ́, mo fẹ́ padà lọ gba oyè kejì. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà ìdí tí mo fi fẹ́ kàwé?

Ẹ má kàn to iṣẹ́ jọ. "A kọ́ 200 obìnrin ní iṣẹ́ ọwọ́": ohun tí ẹ ṣe nìyẹn, kì í ṣe ohun tó yí padà. Ẹ sọ iye wọn tó ṣì ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn ọdún kan, àti ohun tó dá àwọn yòókù dúró. Bí ẹ ò bá ní iye náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣàlàyé irú ìmọ̀ tí ẹ ń wá kí ẹ lè máa rí i. Àwọn tó ń ka lẹ́tà wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa.

Olùkọ́ mi fa ìlà pupa sí ibi tí mo kọ "òṣì ni kí ènìyàn máa gbé lórí dọ́là kan lójúmọ́". Kí ló dé?

Ààlà yẹn ti pẹ́. Báńkì Àgbáyé gbé e sí dọ́là 1.25 ní 2008, 1.90 ní 2015, 2.15 ní 2022 àti 3.00 ní 2025. Kì í ṣe dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní báńkì rárá. Dọ́là tí wọ́n ti tún ṣírò ni, kí iye kan náà lè ra ohun kan náà ní orílẹ̀-èdè gbogbo. Bí o bá ń fi iye tálákà ọdún kan wé ti òmíràn, ààlà kan náà ni kí o lò fún méjèèjì, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ rẹ.