Àjẹsára Ojúlé Kò Rọ́pò Ti Inú Káàdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọmọ mi ti pé oṣù 10, ó sì gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ títí dé ti ọ̀sẹ̀ 14. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn elétò ìlera ti wá sójúlé wa, tí wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu, tí wọ́n sì fi yíǹkì sàmì sí i níka. Bàbá rẹ̀ ní kí n yé da ara mi láàmú lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ mi ní oògùn náà ti pọ̀ jù, kí n lé wọn bí wọ́n bá tún dé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀kán tí wọ́n ń gbé kiri ojúlé, ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ nìkan ni. Kò lè dènà ikọ́ àwúbì, kò sì lè dènà èéyi. Ẹ mú káàdì ọmọ jáde, kí ẹ wo ìlà èéyi. Níbi tí àrùn náà ti ń jà gan-an, oṣù 9 ni wọ́n ń gba àkọ́kọ́, èkejì a sì tẹ̀lé e láàárín oṣù 15 sí 18. Bí ìlà náà bá ṣófo, ẹ gbé ọmọ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibi tó bá a dé ni wọn yóò ti máa bá a lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ bá yín wí nítorí ọjọ́ tó ti kọjá, ẹ fara mọ́ ọn, kí ọmọ ṣáà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ní ti Màmá, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé kòkòrò àrùn tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù ló wà nínú ẹ̀kán náà, inú ìfun ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ ti ráyè pọ̀ sí i kí ara tó lè kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ìgbẹ́ gbuuru, tàbí kòkòrò mìíràn tó ti wà nínú ìfun, lè má jẹ́ kó ráyè lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó lè fojú lásán mọ ẹ̀kán tó ràn àti èyí tí kò ràn. Ìdí tí wọ́n fi ń tún un kán nìyẹn, kò sì pa ọmọ tí ti àkọ́kọ́ ti ràn lára. Lọ́dún 1988 tí ìpolongo yìí bẹ̀rẹ̀ káàkiri àgbáyé, nǹkan bí ọmọ 350,000 ni wọ́n fojú bù pé àrùn náà ń sọ di arọ lọ́dọọdún. Màmá yóò ti rí irú wọn rí. Bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde fún wọn, àní bó bá ń sùn.