Ẹni tó wá gbẹ omi kọ́ ló máa sọ fún yín bóyá ilẹ̀ ń rì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Spring Hill là ń gbé, ní Hernando County, Florida. Páìpù kan bẹ́ lábẹ́ kíṣìnnì wa ní ìjẹta, omi kún títí dé pálọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la rí kòtò kékeré kan lẹ́yìn ilé, kò ju ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ọkùnrin kan wá kanlẹ̀kùn, ó ní kọ́ńpìnnì àwọn á gbẹ omi, wọ́n á da kọ́ńkéré sínú kòtò yẹn, wọ́n á tún bá wa bá àwọn ìnṣọ́ránsì sọ̀rọ̀, ká ṣáà ti fọwọ́ síwèé lónìí. Ṣé irú ẹ̀ dáa? Tí kò bá dáa, kọ́ńpìnnì wo lẹ mọ̀ tó ń ṣe méjèèjì pọ̀?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ewu omi o. Ẹ má fọwọ́ síwèé yẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, tí ilẹ̀kùn tó ń ṣí dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé ń há, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń sán nínú ògiri, tàbí tí kòtò yẹn ń fẹ̀ lójú yín, ẹ kó gbogbo ilé jáde kẹ́ ẹ pe 911. Ẹ má dúró kó ẹrù. Tí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, ẹ fi nǹkan yí kòtò náà ká, kẹ́ ẹ ri igi mọ́lẹ̀ jìnnà sí ẹnu ẹ̀, kí ọmọdé má débẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó gbọ́ èyí tó kù.

Mi ò ní júwe kọ́ńpìnnì tó ń ṣe méjèèjì, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó ń gbẹ omi, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti fáànù ló ní. Ẹni tó lè sọ bóyá ilẹ̀ yín ń rì ni ẹnjiníà tàbí geologist, ìyẹn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, tí Florida fún ní láísẹ́ńsì. Ẹni tó bá sọ pé òun á ṣe méjèèjì láàárọ̀ kan, kò mọ ọ̀kan nínú ẹ̀ dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńkéré yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tà á fún èèyàn. Àwọn èèyàn rò pé ihò tí wọ́n rí lójú ilẹ̀ yẹn ni sinkhole, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ ti rì torí pé abẹ́ ẹ̀ ti ṣófo, pé tí wọ́n bá ti dí i, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lágbègbè yín, òkúta limestone ló wà nísàlẹ̀, òkúta tí omi òjò máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi di ihò àti ọ̀nà lóríṣiríṣi, yanrìn àti amọ̀ ló wá bò ó lórí. Tí omi bá rí ọ̀nà, á máa wọ́ yanrìn lọ sínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ yẹn bí ìgbà tí àpò gàrí bá lu nídìí, ẹni tó ń wo ojú ilẹ̀ ò ní mọ nǹkan kan, ó lè pẹ́ gan-an, ọjọ́ tí òkè ò bá rí nǹkan dì mú mọ́ ló máa já. Èyí tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn ilé, tó bá jẹ́ sinkhole lóòótọ́ o, ẹnu ẹ̀ lásán ni. Tẹ́ ẹ bá dí ẹnu, kí lẹ ṣe fún inú?

Kọ́ńkéré tún wúwo. Ẹ̀ ń gbé ẹrù lé yanrìn tó ti ń yẹ̀, tí òjò bá sì dé, ẹ̀gbẹ́ kọ́ńkéré yẹn lomi máa bá wọlẹ̀, á sì máa gbé yanrìn ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ, bóyá lápá ibi tí ilé wà. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó bo ohun tó yẹ kí ẹnjiníà rí mọ́lẹ̀. Ní Seffner, Hillsborough County, lọ́dún 2013, ilẹ̀ já lábẹ́ yàrá tí ọkùnrin kan ń sùn sí, wọn ò rí òkú ẹ̀ gbé jáde. Wọ́n wó ilé náà, wọ́n dí kòtò yẹn, wọ́n fi wáyà yí ibẹ̀ ká. Ó tún ṣí ní 2015. Ó tún ṣí ní 2023. Mi ò fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, ihò tiyín kéré, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé dídí ojú ilẹ̀ ò ní kí ìsàlẹ̀ má ṣiṣẹ́.

Ẹ lè ní ṣebí àwọn ẹnjiníà náà máa ń rọ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, grouting ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àyẹ̀wò ni: wọ́n á gbẹ́lẹ̀ títí kan àpáta, wọ́n á wọn bí ilẹ̀ ṣe le tó, wọ́n á wá fi páìpù ti sìmẹ́ǹtì líle wọlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n á máa wo ilé bóyá ó ń gbéra. Ẹnjiníà ló ń yàwòrán ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan máa gbà. Mixer kan àti wheelbarrow ò lè ṣe ìyẹn láéláé.

Ó sì lè má jẹ́ sinkhole. Omi páìpù yẹn fúnra ẹ̀ lè ti gbá yanrìn lọ, ó sì lè jẹ́ kùkùté igi táwọn tó kọ́lé bò mọ́lẹ̀ ló ti jẹrà. Mi ò rí ilé yín, kò sẹ́ni tó lè dúró sọ́nà jíjìn kó bá yín mọ̀ ọ́n, èmi náà ò lè ṣe é. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni kí ló bẹ́ páìpù. Ṣé ó gbó ni, àbí ilẹ̀ rì, ó sì kán an? Ẹ ní kí plọ́mbà fi kámẹ́rà wò ó, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Tí ògiri bá tún ń là bí àtẹ̀gùn láàárín blọ́ọ̀kù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, ẹ pè wọ́n fúnra yín lónìí. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ yín lé kọ́ńpìnnì lọ́wọ́, AOB ni wọ́n ń pè é, fún ìwé ìnṣọ́ránsì ilé tí wọ́n bá gbé jáde láti January 1, 2023, òfin Florida ti fagi lé e, ẹni tó bá ṣì ń gbé e kiri, ẹ wò ó dáadáa. Omi tó ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́ àti ilẹ̀ tó rì, ìnṣọ́ránsì máa ń wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó jẹ́ dandan kó wà nínú ìwé yín ni ti kí ilẹ̀ ṣàdédé já, kó wó lójú gbogbo èèyàn, kó ba ìpìlẹ̀ ilé jẹ́, kí ìjọba sì ní kẹ́ ẹ jáde. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé. Sinkhole tó kàn ń la ògiri, ẹ ní láti ra ìyẹn lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ títí ọjọ́ tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Lọ́yà tàbí aṣojú yín ló lè túmọ̀ ìwé tiyín gan-an.

Gbígbẹ omi ò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnjiníà o, tó bá ti jẹ́ pé kò sí àmì ewu tí mo kà lókè yẹn. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ní kí nǹkan tó rẹ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, kí mold, ìyẹn nǹkan dúdú tàbí funfun tó ń hù lára ògiri, má bàa mú ilé, ẹ̀yin sì ti kọjá ìyẹn. Torí náà ẹ wá ẹlòmíì lónìí, ìwé gbígbẹ omi nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Kó fi ìwé ẹ̀kọ́ IICRC, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn tó ń gbẹ omi nínú ilé ní ìwé ẹ̀rí, hàn yín, kó máa kọ bí ògiri ṣe tutù sí sílẹ̀ lójoojúmọ́ kó sì fún yín, tó bá máa fọwọ́ kan mold, ẹ wá orúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ DBPR, iléeṣẹ́ ìjọba Florida tó ń fúnni ní láísẹ́ńsì iṣẹ́, bóyá ó ní láísẹ́ńsì ẹ̀. Ẹ bi í ibi tó máa da omi sí. Tó bá na họ́ọ̀sì sí ẹ̀yìn ilé lápá ibi tí kòtò wà, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, omi yẹn lè fa ilẹ̀ já, tí ibẹ̀ bá sì jẹ́ sinkhole, inú omi tí gbogbo àdúgbò ń mu ló ń da ìdọ̀tí sí.

Tí plọ́mbà bá gé páìpù tó bẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ, ẹ fi sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ kọ déètì sí i lára. Ẹnjiníà máa béèrè fún un.