Síárìn ọkọ̀ tuntun ń bá mi fà á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tírọ́ọ̀kù tuntun fún mi, Láfẹ́nwá ni mo ti ń kẹ́rù lọ Èkó. Síárìn ẹ̀ fúyẹ́ jù, ti àtijọ́ gbogbo ara ni mo fi ń yí i. Tí mo bá wá ń sáré ṣe ló máa ń fà mí padà bí ẹni pé ẹlòmíì wà nídìí ẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò bàjẹ́. Kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tó ń wo ìlà ojú títì, tọ́kọ̀ bá ti fẹ́ kọjá ìlà láìtan tráfíkétọ̀, mọ́tò tó wà lára síárìn á rọra dá a padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó di bíi 60 km ní wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ò lè rí i nínú gosíló Láfẹ́nwá. Ẹ ṣáà máa tan tráfíkétọ̀ kẹ́ ẹ tó yà, á fi yín sílẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kòtò, torí ìlà ni kámẹ́rà yẹn mọ̀, kò mọ kòtò, ẹ lè máa yà fún un kó fẹ́ dá yín padà sínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi di síárìn mú, agbára yín jù tiẹ̀ lọ. Tí ìlà bá ti pa rẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì ohun tó ń dá síárìn padà yẹn kẹ́ ẹ pa á. Ẹ máa nu gíláàsì yẹn nígbà ọyẹ́ o.

Ti fífúyẹ́ yẹn, ẹ kọ́kọ́ wà á lófìfo láàárọ̀ Sunday, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì ń fà sápá kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa ohun tó ń dá a padà yẹn, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì kó wo táyà àti aláímẹ́ǹtì.