Ilé ìtura tuntun tó ní kàsínò: kí ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Surulere ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ìyá ìyàwó mi yóò pé ẹni àádọ́rin ọdún nínú oṣù Keje, a sì fẹ́ kó gbogbo ilé lọ sinmi fún òru mẹ́ta ní ilé ìtura ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Victoria Island. Ó ní kàsínò, ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ilé oúnjẹ inú rẹ̀ kì í sì ṣe ẹyọ kan. Àwòrán rẹ̀ wuyì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó ti sùn níbẹ̀ rí. Yàrá méjì la fẹ́ gbà. Ọmọ mẹ́ta la ní, àkọ́bí sì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ tó owó tí wọ́n ń pè é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí màmá, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ilé ìtura wò fún àwọn iléeṣẹ́ tó fẹ́ fi àlejò wọn wọ̀ síbẹ̀, nítorí náà bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Oorun àti ìsinmi lẹ fẹ́ lọ fi owó yín rà. Ẹni tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń da owó sí ẹnu ọ̀nà àti gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ojú àlejò yóò kọ́kọ́ bà lé. Yàrá tí màmá yóò sùn sí ni kí ẹ fi díwọ̀n gbogbo ilé náà.

Ilé ìtura tó ní kàsínò kì í ṣe àjèjì ní Victoria Island. Federal Palace ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1960, wọ́n sì ṣí Eko Hotel ní ọdún 1977. Ohun tí ilé tó ti pẹ́ fi ju ti tuntun lọ ni pé àléébù rẹ̀ kò pamọ́ mọ́: ẹni tó bá béèrè yóò rí ẹni tí yóò sọ fún un. Ní ti ilé tuntun, àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni páìpù máa ń jò, lífítì máa ń há, omi gbígbóná kì í sì í dé àjà òkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì mọwọ́ ara wọn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti ń gba àlejò nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní apá kejì. Nítorí náà, ẹ béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí nínú àwọn ilé oúnjẹ àti adágún tí wọ́n polówó, ẹ má sì gba “láìpẹ́” ní ìdáhùn. Ẹ tún wo àwòrán wọn dáadáa, nítorí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya púpọ̀ nínú wọn kí ilé tó dé òrùlé. Tí ẹ bá rí ọ̀sà tó ní àwọ̀ aró níwájú fèrèsé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀sà Èkó kì í rí bẹ́ẹ̀.

Surulere kò jìnnà sí Victoria Island, ẹ sì ní láti lo àǹfààní yẹn. Kí ẹ tó san owó òru mẹ́ta, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ ní òru ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo. Mo ní ọjọ́ Ẹtì nítorí òru ọjọ́ náà ni kàsínò máa ń kún tí orin sì máa ń lọ sókè. Ẹni tó bá lọ wò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò bá ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ lórí ibùsùn bóyá ìlù ń dún wá láti ìsàlẹ̀. Èmi kì í gba yàrá tó wà lókè gbọ̀ngàn àríyá tàbí kàsínò fún àgbàlagbà, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó.

Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ bu omi ẹ̀rọ balùwẹ̀ sínú ife funfun kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di àárọ̀. Púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ń fà láti inú ilẹ̀ ní Èkó ló ní irin, ó sì lè mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá bù ú, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ti ń kàn án ni irin inú rẹ̀ yóò máa yí àwọ̀ padà, tí omi náà yóò fi pọ́n, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì sílẹ̀ sí ìdí ife. Ilé tó ń gba irú owó yẹn lọ́wọ́ èèyàn kò ní àwíjàre kankan tí omi rẹ̀ bá pọ́n, nítorí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ irin kúrò nínú omi wà lọ́jà. Lẹ́yìn omi, ẹ dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àwọn iléeṣẹ́ iná ti ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí oníbàárà tí iná rẹ̀ pọ̀ jù lọ, wákàtí 20 lójúmọ́ sì ni ìlérí tí wọ́n ṣe fún wọn, èyí tó fi hàn pé kò sí ilé ìtura tó bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kí iná tó padà, bóyá ẹ̀rọ amúlétutù dá ara rẹ̀ tàn, àti bóyá èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Nítorí àwọn ọmọ, ẹ rìn láti yàrá lọ sí adágún àti ilé oúnjẹ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ kàsínò, nítorí náà ilé tó jẹ́ pé àárín ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni èèyàn yóò gbà kó tó dé ibi oúnjẹ àárọ̀ kò bá ìdílé mu. Ní etí adágún, ó yẹ kí ẹ rí ìwé tó sọ bó ṣe jìn tó, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ èèyàn nínú omi, kó sì jókòó síbẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ẹ má ṣe fi iye tí wọ́n kọ síwájú ṣe ìṣirò. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni VAT, owó orí tí ìjọba fi ń lé ọjà àti iṣẹ́, ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2009 fi ìdá 5 lé owó ilé ìtura àti ilé oúnjẹ. Àwọn ilé kan sì tún ń fi owó ìtọ́jú àlejò tiwọn kún un. Ká ní wọ́n pe yàrá kan ní ₦200,000 lóru, tí wọ́n sì fi ìdá 10 ṣe owó ìtọ́jú, yàrá méjì fún òru mẹ́ta tí ẹ rò pé ó jẹ́ ₦1,200,000 yóò di ₦1,470,000 kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Ẹ béèrè àpapọ̀ iye náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọn yóò gbà pa mọ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ bá dé àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin àgbà bá fẹ́ dé kàsínò náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àgbá rúlẹ́ẹ̀tì wọn, ìyẹn àgbá tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń yí, tí bọ́ọ̀lù kékeré yóò bọ́ sí ojú kan tó ní nọ́ńbà. Èyí tó ní òdo kan ní ojú 37. Ẹni tó bá fi ₦1,000 lé ojú kọ̀ọ̀kan yóò ti kó ₦37,000 sílẹ̀. Ojú kan yóò jẹ, wọn yóò sì san ₦36,000 fún un pẹ̀lú owó tó fi lé e. ₦1,000 ti wọ àpò ilé, láìsí màgòmágó kankan. Èyí tó ní òdo méjì ní ojú 38, ₦36,000 kan náà ni wọn yóò san, nítorí náà èrè ilé di ₦2,000. Ilé tó jẹ́ pé olódo méjì nìkan ló gbé kalẹ̀ ti jẹ́ kí ẹ mọ irú ọwọ́ tó fi mú àlejò. Iye tí ẹ bá fẹ́ ná níbẹ̀, ẹ kà á sí owó fàájì tó ti lọ, kí ẹ sì fi káàdì báǹkì sílẹ̀ ní yàrá.

Oṣù Keje tí ẹ mú tún jẹ́ ìgbà òjò. Àgbàrá máa ń dí àwọn òpópónà kan ní Victoria Island, nítorí náà ẹ bi àwọn tó ń tajà ládùúgbò bí omi ṣe máa ń ga tó níwájú ilé náà. Wọn yóò sọ òótọ́ fún yín ju òṣìṣẹ́ ilé ìtura lọ. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti fagi lé yàrá tí ẹ ti gbà sílẹ̀, ilé ìtura sì lè yọ iye tó bójú mu nínú owó yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí wọn yóò yọ sínú rìsíìtì kí ẹ tó sanwó.

Ní tèmi o, bí ilé náà kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà tó ti ń gba àlejò nígbà tí ọjọ́ ìbí bá dé, ilé tó ti pẹ́ ni màá fi màmá wọ̀ sí fún òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ilé tuntun náà bá ń gba àwọn tí kò sùn síbẹ̀ láàyè lọ́sàn-án, màá kó àwọn ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo wa sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán kí a tó padà.