Àǹtí, ṣé kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi?

Ìbàdàn ni lẹ́tà yìí ti wá, ẹni tó kọ ọ́ ní ká máa pe òun ní "Ọjọ́-ń-lọ". Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo ṣe fírídọ̀m lọ́dún 2023, màmá mi sì ra ẹ̀rọ Butterfly ẹlẹ́sẹ̀ fún mi. Àtìgbà yẹn mi ò tíì rán nǹkan kan tí mo gbowó ẹ̀. Mo ní kí n rí ṣọ́ọ̀bù létí títì ná, kí n ra jẹ́nẹ́rétọ̀ torí iná ò dáa ládùúgbò wa, kí n ra ẹ̀rọ wíífù tí wọ́n fi ń di etí aṣọ kó má bàa tú. Tí mo bá jí láàárọ̀ màá ní òní ni màá bẹ̀rẹ̀, màá wá gbé fóònù, màá máa wo sitáìlì táwọn èèyàn rán, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá mi ti ń pè mí ní ọ̀lẹ lójú àwọn ará ilé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ò kí ń ṣọ̀lẹ o, àfi ìgbà kan tí mo gé léèsì kọ́sítọ́mà kúrú, ọ̀gá mi bú mi lójú gbogbo èèyàn. Ní báyìí obìnrin kan fẹ́ ra ẹ̀rọ yẹn, mo wá ní kí n tà á, kí n fowó ẹ̀ kọ́ mékọ́ọ̀pù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn ma."

Àbúrò mi, má tíì tà á.

Kí n tó bá ẹ wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni lẹ́tà ẹ fi wà lọ́wọ́ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé tí mo bá ti dáná tán màá dáhùn ẹ̀. Torí náà má rò pé ẹni tí kì í fòní dónìí fọ̀la dọ́la ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ iná ná. Ẹ̀rọ tí màmá ẹ rà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á, kí ni jẹ́nẹ́rétọ̀ fẹ́ ṣe nídìí ẹ̀? Ayọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà lọ́jà, òun náà làwọn aránṣọ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń lò. Wíífù ńkọ́, ṣé gbogbo aránṣọ tó ń jẹun níbàdàn ló ní i ni? Wọ́n ń kó aṣọ lọ fún ẹni tó ní in ni, wọ́n á san owó ẹ̀, wọ́n á gbé aṣọ wọn bọ̀ nílé. Ṣọ́ọ̀bù etí títì yẹn dáa, mi ò ní kò dáa, àmọ́ ta ló fẹ́ wá síbẹ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì wọ aṣọ tó o rán? Àwọn àgbà ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní àtọjọ́ tọ́kọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Ìwọ ti rí NEPA tìrọ̀ mọ́ nìyẹn.

Àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni ẹ́, mo fẹ́ kí màmá náà gbọ́ ìyẹn. Ọ̀lẹ kì í fọdún mẹ́ta gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ẹ ni ibi tó o sáré kọjá yẹn, ti léèsì. O sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan kékeré ni, kò sì kéré. Ìgbà tó o wà níbẹ̀, tó o bá gé e tó bàjẹ́, ọ̀gá wà níwájú tó máa gbà á sọ́rùn, tí ìwọ bá wá dá dúró, ìwọ ni wọ́n máa wá bá. Sísọ̀ọ́sì lò ń bẹ̀rù, o wá ń fi ṣọ́ọ̀bù bojú.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣe èmi náà rí. Mo kọ́ mọ́tò wíwà, ọ̀sẹ̀ kejì tí mo gbàwé, mo já mọ́tò ọkọ mi sí gọ́tà níwájú àwọn ọlọ́kadà, ẹ̀rín tí wọ́n rín mi lọ́jọ́ yẹn ṣì wà létí mi. Ọdún mẹ́rin ni mi ò fọwọ́ kan síárìn mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní epo ló wọ́n.

Ti fóònù yẹn náà, àwọn sitáìlì tó ò ń wò, aṣọ tó dáa nìkan ni wọ́n ń gbé síta, èyí tó bàjẹ́ wà nísàlẹ̀ tábìlì wọn, o ò lè rí i. O wá wo ogójì aṣọ tó dáa láàárọ̀, ọwọ́ wo lo fẹ́ fi mú sísọ̀ọ́sì lẹ́yìn ìyẹn?

Mékọ́ọ̀pù ńkọ́? Tó o bá kọ́ ọ tán, wàá tún ní o ò tíì ní iná tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Àti pé léèsì tó bàjẹ́ ṣeé rà padà, ojú ìyàwó láàárọ̀ ìgbéyàwó ni ò ṣeé rà, ó yẹ kó o ronú síyẹn dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Lọ́la, má rán nǹkan kan. Ṣí ẹ̀rọ yẹn, nu eruku ẹ̀, ẹ̀rọ tó ti jókòó látọdún yẹn, epo inú ẹ̀ á ti dì, bẹ́líìtì aláwọ yẹn á ti gbẹ. Ta kẹrosíìnì díẹ̀ síbi tó bá le, nù ún, kó o tó wá ta epo ẹ̀rọ sí i, pààrọ̀ abẹ́rẹ́ torí á ti dípẹtà. Tí kò bá yí, pe àwọn tó ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wá aṣọ ará ilé tí síìpù ẹ̀ ti já, tàbí òkìríkà tó fẹ̀ jù, dín in. Àmẹ́ńdì nìkan ni kó o kọ́kọ́ máa gbà o, ọ̀pọ̀ èèyàn ní aṣọ tó nílò àtúnṣe nílé tí wọn ò rẹ́ni gbé e fún, owó ibẹ̀ kéré àmọ́ owó ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, yúnífọ́ọ̀mù. Oṣù kẹsàn-án làwọn ọmọ ń wọlé, kó tó dìgbà yẹn làwọn ìyá ti ń wá aránṣọ kiri. Gé e lórí bébà ná. Fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ náà kúkú mọ̀ pé aṣọ tó fẹ̀ ṣeé dín, èyí tó kúrú ò ṣeé fà. Léèsì ẹnikẹ́ni, má tíì gbà á.

Sọ fóbìnrin tó fẹ́ ra ẹ̀rọ pé kó padà wá lóṣù mẹ́ta sí i. Tó bá dìgbà yẹn tó o ti rán nǹkan, tọ́kàn ẹ ò sì sí níbẹ̀, tà á, mi ò ní bínú, o ti mọ ohun tó ò ń tà nìyẹn.

Màmá, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ bá wa dín orúkọ yẹn kù. Àwọn tó ń gba aṣọ èèyàn mẹ́wàá sílẹ̀ de Iléyá tí wọ́n wá ń pa fóònù lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, àwọn ni kẹ́ ẹ bú.

Àbúrò, tó o bá rán yúnífọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tán, ya fọ́tò ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi. Tí apá kan bá gùn ju èkejì lọ náà, fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.